Ẹ mú lẹ́tà sikọ́láṣíìpù yín dání: ẹ̀dínwó owó-orí fún ẹ̀yin tí ẹ ń ka oyè kejì ní Amẹ́ríkà

Ní Oṣù Kẹta 2023, mo jókòó síwájú ọkùnrin kan tí mo fẹ́ sanwó fún kó bá mi ṣe ìwé owó-orí ọdún 2022. Mo ń ka másítà nínú ìmọ̀ ìlera àwùjọ nígbà náà, mo sì ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì tó ń kọ ìwé owó ìtọ́jú fún ilé ìwòsàn kékeré kan níbí ní Houston. Mo na fọ́ọ̀mù 1098-T sí i, ìwé tí ilé-ìwé fi ń sọ iye owó ilé-ìwé tí wọ́n gbà àti sikọ́láṣíìpù tó wọlé. Ó wò ó fìrí, ojú rẹ̀ bọ́ sórí iye tó wà ní àpótí 5, níbi tí wọ́n ń kọ sikọ́láṣíìpù sí, ó ní, "Àǹtí, ẹ ti gba sikọ́láṣíìpù, ẹ sì ti kọjá digirí àkọ́kọ́. Kò sí nǹkan kan fún yín níbí." Ó ti fọ́ọ̀mù náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Mo dúpẹ́, mo sanwó, mo gba ilé lọ.

Ọ̀rọ̀ yẹn ì bá gba $1,424 lọ́wọ́ mi. Mo rí owó náà gbà padà lẹ́yìn náà, n óò sì sọ bí mo ṣe rí i gbà. Ṣùgbọ́n ó dùn mí débi pé mo lọ kọ́ iṣẹ́ náà fúnra mi. Mo ṣe ìdánwò VITA, ètò IRS (àjọ owó-orí ìjọba àpapọ̀) tí àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn ti ń bá èèyàn ṣe ìwé owó-orí lọ́fẹ̀ẹ́. Láti ìgbà náà, bí Oṣù Kejì bá ti dé títí di àárín Oṣù Kẹrin, ẹ ò lè bá mi nílé lọ́jọ́ Sátidé. Àwọn ọmọ wa tó ń ka másítà àti PhD ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń wá jókòó síwájú mi, ìbéèrè kan náà ló sì ń gbé wọn wá: ṣé ẹni tó gba sikọ́láṣíìpù ṣì lè gba ẹ̀dínwó owó-orí?

Ó lè gbà á, lọ́pọ̀ ìgbà. Ohun tó máa sọ bóyá ó lè gbà á ni lẹ́tà tí wọ́n fi fún un ní owó náà, àti àkọsílẹ̀ tó wà ní bọ́sárì. Fọ́ọ̀mù 1098-T nìkan kò tó láti fi pinnu.

Ẹ̀dínwó wo gan-an?

Méjì ló wà. Èyí tí ọkùnrin yẹn ń rò ni American Opportunity Credit, tó lè tó $2,500 fún akẹ́kọ̀ọ́ kan lọ́dún. Ọdún mẹ́rin àkọ́kọ́ ní yunifásítì ni wọ́n ṣe é fún. Ẹni tó bá ti gba digirí àkọ́kọ́ kí ọdún owó-orí náà tó bẹ̀rẹ̀, tirẹ̀ ti parí níbẹ̀. Òótọ́ ló sọ nípa ìyẹn.

Èkejì, tí kò dárúkọ fún mi rárá, ni Lifetime Learning Credit. Èyí kò ní iye ọdún tí èèyàn lè gbà á mọ. Ẹni tó ń ka másítà lè gbà á, ẹni tó wà ní ọdún kẹfà PhD lè gbà á, nọ́ọ̀sì tó mú kọ́ọ̀sì kan ṣoṣo láti fi gbé iṣẹ́ rẹ̀ sókè lè gbà á. Ìṣirò rẹ̀ rọrùn: 20% owó ilé-ìwé tí ẹ san, títí dé $10,000. Ìyẹn ni pé kò lè ju $2,000 lọ lórí ìwé owó-orí kan, bí ọkọ àti ìyàwó tilẹ̀ jọ ń kàwé pọ̀.

Orí owó-orí fúnra rẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Bí owó-orí yín bá jẹ́ $3,000 tí ẹ sì ní ẹ̀dínwó $2,000, ó ku $1,000 tí ẹ jẹ ìjọba. Ṣùgbọ́n bí owó-orí yín bá jẹ́ $600 péré, $600 náà ni ẹ̀dínwó yìí máa pa rẹ́. Wọn kò ní fi $1,400 tó kù ránṣẹ́ sí yín, kò sì ṣeé gbé dé ọdún tó ń bọ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí a ṣì máa padà síbẹ̀.

Ẹni tó bá ń dá ìwé rẹ̀ ṣe lè gbà á ní kíkún bí owó tó wọlé fún un kò bá ju $80,000 lọ. Láti ibẹ̀ ló ti ń dín kù, ó sì tán ní $90,000. Fún tọkọtaya tó jọ ṣe ìwé kan, $160,000 sí $180,000 ni. Tọkọtaya tó bá ṣe ìwé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kò lè rí kọ́bọ̀ níbẹ̀. Mo máa ń bẹ àwọn tọkọtaya tó ń bínú síra wọn pé kí wọ́n fara balẹ̀ ro ibí yìí kí wọ́n tó pín ìwé. Bí òbí bá sì kọ yín sórí ìwé tiwọn gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí wọ́n ń gbọ́ bùkátà rẹ̀, àwọn ló ni ẹ̀dínwó náà, kódà bó jẹ́ ẹ̀yin lẹ san owó ilé-ìwé.

Ibi tí sikọ́láṣíìpù ti wọ ọ̀rọ̀ náà

Ìjọba kò fẹ́ kí owó kan ṣoṣo ṣe èèyàn lóore lẹ́ẹ̀mejì. Bí sikọ́láṣíìpù bá san owó ilé-ìwé yín, tí ẹ kò sì san owó-orí lé sikọ́láṣíìpù náà, ẹ ti jẹ àǹfààní kan lórí rẹ̀. Ẹ ò tún lè fi owó ilé-ìwé tó san yẹn béèrè ẹ̀dínwó. Nítorí náà, ẹ ó yọ sikọ́láṣíìpù tí kò ní owó-orí kúrò nínú owó ilé-ìwé, orí ìyókù ni ẹ ó ti ṣírò 20%.

Ṣùgbọ́n sikọ́láṣíìpù wo ni kò ní owó-orí? Èyí tí ẹni tó ń kàwé gboyè ná sórí owó ilé-ìwé, owó mìíràn tí ilé-ìwé fi dandan gbà, àti ìwé tàbí irinṣẹ́ tí kọ́ọ̀sì náà sọ pé gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ ní. Èyí tó bá bá owó ilé gbígbé lọ, oúnjẹ, tàbí tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú láti wá kí màmá ní Ògbómọ̀ṣọ́, owó tó wọlé fún yín ni. Ó ní owó-orí. Ọ̀pọ̀ ló ń gbọ́ èyí fún ìgbà àkọ́kọ́ níwájú tábìlì mi, tí ojú wọn á sì yí padà.

Ẹ wá wò ó dáadáa. Bí owó kan bá ṣeé ná sórí owó ilé-ìwé, tó sì tún ṣeé ná sórí ilé gbígbé, ta ló máa sọ èyí tó ná sí? Ẹ̀yin ni. IRS fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sínú ìwé ìtọ́sọ́nà rẹ̀ tó ń jẹ́ Publication 970: bí àdéhùn owó náà kò bá dè é mọ́ owó ilé-ìwé nìkan, akẹ́kọ̀ọ́ lè yàn pé owó ilé àti oúnjẹ lòun fi gbogbo rẹ̀ tàbí apá kan rẹ̀ san. Á kọ iye yẹn sílẹ̀ bí owó tó wọlé, á san owó-orí lé e, owó ilé-ìwé rẹ̀ á sì wà lódidi fún ẹ̀dínwó. Bí ilé-ìwé bá tilẹ̀ gba owó náà wọlé tààrà, tí wọ́n sì fi yọ gbèsè owó ilé-ìwé yín, ìyẹn kò gba yíyàn náà lọ́wọ́ yín. Wọ́n kọ ìyẹn náà síbẹ̀. Àwọn èèyàn máa ń bá mi jiyàn lórí gbólóhùn kan yìí ju gbogbo ìyókù lọ, nítorí ojú wọn ni owó náà ṣe wọ àkáǹtì ilé-ìwé.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń ní kí ẹ mú lẹ́tà wá. Bí lẹ́tà bá sọ pé owó ilé-ìwé nìkan ni owó yìí wà fún, kò sí yíyàn níbẹ̀, ẹ yọ ọ́ kúrò kíá. Bí ilé-ìwé bá ní àwọn yọ owó ilé-ìwé kúrò lọ́rùn yín, bákan náà ni. Bí lẹ́tà bá mẹ́nu ba ilé gbígbé, oúnjẹ, ọkọ̀ wíwọ̀, tàbí "gbogbo ìnáwó ẹ̀kọ́", ẹ ní yíyàn. Bí lẹ́tà kò bá de owó náà mọ́ nǹkan kan, ẹ ní yíyàn níbẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n mo máa ń ní kí èèyàn kọ ímeèlì sí àwọn tó fún un lówó, kó bi wọ́n léèrè ohun tí owó náà lè san, kó sì tẹ èsì wọn sórí bébà. Bí IRS bá kọ̀wé béèrè lọ́jọ́ iwájú, bébà yẹn ni ẹ ó fi dá wọn lóhùn.

Ẹ sì gbọ́dọ̀ ti ná owó náà bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ẹni tó ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, tí ẹ̀gbọ́n náà sì ń bọ́ ọ, kò lè sọ pé $8,000 ni òun fi san owó ilé.

Ìṣirò tèmi

Ẹ jẹ́ kí n tú ìwé 2022 mi sílẹ̀. Àpótí 1 lórí 1098-T mi, iye tí ilé-ìwé gbà fún owó ilé-ìwé, jẹ́ $14,200. Àpótí 5, sikọ́láṣíìpù àti gíráǹtì, jẹ́ $9,000. Owó méjì ló wà nínú $9,000 yẹn. $4,000 wá láti ẹ̀ka ẹ̀kọ́ mi, lẹ́tà rẹ̀ sì sọ gbangba pé owó ilé-ìwé nìkan. $5,000 tó kù wá láti ọ̀dọ̀ àwọn aláàánú kan, lẹ́tà tiwọn ní kí n fi gbọ́ bùkátà ẹ̀kọ́ mi, "títí kan ilé àti oúnjẹ". Mo ń san $900 lóṣù fún yàrá kan tó ní bálùwẹ̀, nítorí náà owó ilé mi nìkan lọ́dún yẹn jẹ́ $10,800.

Bí mo bá ṣe é lọ́nà tí gbogbo èèyàn ń gbà ṣe é, màá yọ $9,000 kúrò nínú $14,200. Ó ku $5,200. 20% rẹ̀ jẹ́ $1,040. Ìyẹn gan-an ti sàn ju òfo tí wọ́n fún mi lọ.

Ọ̀nà kejì rèé. Mo yọ $4,000 tí wọ́n ti dè. Nínú $5,000 tó kù, mo ní owó ilé ni mo fi $4,800 san, owó ilé-ìwé ni mo fi $200 san. Ohun tí mo yọ wá di $4,200, ó sì ku $10,000 gééré. 20% rẹ̀ jẹ́ $2,000, òkè pátápátá. Bí mo bá fi $200 yẹn náà sí ibi owó ilé, owó-orí rẹ̀ nìkan ni màá san. Ẹ̀dínwó kò ní lé kọ́bọ̀ sí i, nítorí ó ti dé òkè. Ẹ máa dúró níbi tí $10,000 bá ti pé.

$4,800 yẹn wá di owó tó wọlé fún mi. Owó iṣẹ́ mi lọ́dún náà jẹ́ $38,000. Lọ́dún 2022, ìjọba kì í fọwọ́ kan $12,950 àkọ́kọ́ fún ẹni tó dá wà, nítorí náà $25,050 ni wọ́n gbowó-orí lé, owó-orí rẹ̀ sì lé díẹ̀ ní $2,800. Ìpele 12% ni mo wà. $4,800 tí mo fi kún un kò gbé mi kúrò ní ìpele náà, owó-orí rẹ̀ sì jẹ́ $576. Ẹ̀dínwó mi gbé $960 sókè, láti $1,040 sí $2,000. Ẹ yọ $576 kúrò nínú $960: $384 ló kù sí mi lọ́wọ́, lórí èyí tí ọ̀nà àkọ́kọ́ ì bá fún mi. Bí ẹ bá wá fi ọ̀nà kejì yìí wé ìwé tí ọkùnrin yẹn ṣe, tí kò ní ẹ̀dínwó kankan, ìyàtọ̀ náà jẹ́ $1,424.

Ìgbà tí kò yẹ kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀

20% ni ẹ ń gbà. Bí owó-orí tí ẹ máa san lórí owó kan náà bá ju 20% lọ, ẹ ń fi owó ṣòfò. Lọ́dún 2024, ẹni tó dá wà wọ ìpele 22% nígbà tí owó tí wọ́n ń gbowó-orí lé bá kọjá $47,150. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá kó $1,000 sikọ́láṣíìpù bọ́ sí owó tó wọlé, á san $220 kó lè gba $200. Kó jẹ́ kí sikọ́láṣíìpù rẹ̀ san owó ilé-ìwé, kó gba ẹ̀dínwó lórí ìyókù.

Texas kò gba owó-orí lórí owó tó ń wọlé fún èèyàn, ṣùgbọ́n Maryland ń gbà á, Georgia ń gbà á, New York ń gbà á. Ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀, ẹ fi ti ìpínlẹ̀ kún un kí ẹ tó pinnu. Bákan náà, ẹ̀yin tí ìjọba ń bá san lára owó ìbánigbófò ìlera nítorí pé owó yín kéré, tàbí ẹ̀yin tí ẹ ń san gbèsè ilé-ìwé ní ìbámu pẹ̀lú owó tó ń wọlé, $5,000 tí ẹ bá fi kún owó yín lórí bébà máa kan ìyẹn. Obìnrin kan tó ní ọmọ méjì jókòó síwájú mi lọ́dún tó kọjá, tó sì ń gba Earned Income Credit, ẹ̀dínwó fún òṣìṣẹ́ tí owó rẹ̀ kò pọ̀. Nígbà tí a fi sikọ́láṣíìpù rẹ̀ kún owó tó wọlé, ohun tó sọnù nínú Earned Income Credit rẹ̀ ju ohun tí a rí nínú ẹ̀dínwó ẹ̀kọ́ lọ. A dá a padà sí bó ṣe wà. Ìgbà gbogbo ni mo máa ń ṣe ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀kan báyìí, ẹ̀ẹ̀kan lọ́nà kejì, kí n tó fi èyíkéyìí ránṣẹ́.

Ẹni tí kò sì jẹ owó-orí rárá, kí ni ẹ̀dínwó yìí fẹ́ pa rẹ́ fún un?

Àkọsílẹ̀ bọ́sárì

Mo ní fọ́ọ̀mù 1098-T nìkan kò tó. Ẹ̀gbọ́n kan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, nọ́ọ̀sì ni wọ́n, wọ́n ń ka másítà nínú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. $5,800 ni owó sẹ̀mẹ́sítà wọn. Wọ́n san ti ìgbà ìwọ́wé 2023 nínú Oṣù Kẹjọ. Ní Oṣù Kejìlá 2023, kí wọ́n má bàa pàdánù àyè wọn nínú kọ́ọ̀sì, wọ́n san ti sẹ̀mẹ́sítà tó máa bẹ̀rẹ̀ ní Oṣù Kìíní 2024. Òfin gbà á: owó tí ẹ bá san lọ́dún yìí fún sẹ̀mẹ́sítà tó bẹ̀rẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ọdún tó tẹ̀ lé e, ọdún tí ẹ san án ló jẹ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fa àmì sí àpótí 7 lórí fọ́ọ̀mù wọn. Sikọ́láṣíìpù $3,000 tó wà fún owó ilé-ìwé sẹ̀mẹ́sítà yẹn kò wọlé títí di Oṣù Kìíní 2024.

Ẹ wo ohun tí fọ́ọ̀mù sọ. 2023: àpótí 1 $11,600, àpótí 5 òfìfo. 2024, tí wọ́n tún san $5,800 kan péré nínú Oṣù Kẹjọ: àpótí 1 $5,800, àpótí 5 $3,000. Bí a bá gba fọ́ọ̀mù gbọ́, wọ́n á gba $2,000 fún 2023 àti $560 fún 2024.

Ṣùgbọ́n $3,000 náà, owó ilé-ìwé tí wọ́n san ní 2023 ló wà fún. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún tuntun ló dé, ìnáwó 2023 ló ń dín kù. Fún 2023, $11,600 dín $3,000 jẹ́ $8,600, ẹ̀dínwó rẹ̀ $1,720. Fún 2024, $5,800 wà lódidi, ẹ̀dínwó rẹ̀ $1,160. Wọ́n ì bá ti gba $280 tí kì í ṣe tiwọn ní 2023, wọ́n ì bá sì ti sọ $600 tiwọn nù ní 2024. Lórí tẹlifóònù wọn ni a ti ṣí àkáǹtì bọ́sárì, tí a ń ka ọjọ́ kọ̀ọ̀kan àti iye kọ̀ọ̀kan, èmi ní bíírò, àwọn ní awò ojú, títí gbogbo rẹ̀ fi bá ara wọn mu. Ó gbà wá ní wákàtí kan. Mo fẹ́ kí ẹ fún ìwé tiyín náà ní wákàtí kan yẹn.

Owó mìíràn tí ẹ fi san án

Owó tí ẹ yá, ẹ kà á. Gbèsè ìjọba àpapọ̀ tí ẹ fi san owó ilé-ìwé, tiyín ni, nítorí ẹ̀yin lẹ máa san án padà; ọdún tí ẹ san owó ilé-ìwé ni ẹ ó kà á sí. Owó àjọ tí ẹ kó, tiyín ni. Bí bàbá yín ní Ìjẹ̀bú bá ta ilẹ̀ tó sì fi owó rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín, tàbí tí àbúrò màmá yín ní London bá san án tààrà fún ilé-ìwé, ẹ̀bùn ni, wọ́n kà á bíi pé ẹ̀yin lẹ san án. Kò dín ẹ̀dínwó yín kù.

Èyí tó wá láti ibi iṣẹ́ yàtọ̀. Ibi iṣẹ́ lè bá yín san tó $5,250 lọ́dún fún ẹ̀kọ́ láìsí owó-orí lórí rẹ̀, ẹ sì gbọ́dọ̀ yọ iye yẹn kúrò bí ẹ ṣe ń yọ sikọ́láṣíìpù.

Ti ìwé kíkà máa ń da àwọn èèyàn rú. Fún Lifetime Learning Credit, ìwé tí ẹ rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò kà. Àfi èyí tí ilé-ìwé fi dandan gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ yín kí wọ́n tó lè forúkọ yín sílẹ̀. Owó páàkì mọ́tò kò kà, owó ìbánigbófò ìlera kò kà, bó tilẹ̀ wà lórí ìwé owó kan náà. Síbẹ̀, ẹ lè fi sikọ́láṣíìpù ra ìwé tí kọ́ọ̀sì béèrè láìsan owó-orí lórí rẹ̀. Ẹ mú rìsíìtì àti ìwé kọ́ọ̀sì tó dárúkọ àwọn ìwé náà dání.

Ẹ̀yin ọmọ F-1 (físà akẹ́kọ̀ọ́)

Àbúrò mi ọkùnrin dé ní Oṣù Kẹjọ 2021 láti ka PhD. Ó pè mí ní alẹ́ ọjọ́ kan, inú rẹ̀ ń dùn, pé ọ̀rẹ́ òun kan fi sọ́fútíwíà ṣe ìwé owó-orí, ó sì gba ẹ̀dínwó ẹ̀kọ́. Mo ní, "Jọ̀ọ́, má fọwọ́ kàn án."

Ẹni tó wà ní F-1 kì í ṣe olùgbé lójú òfin owó-orí fún ọdún kàlẹ́ńdà márùn-ún àkọ́kọ́. Bó bá ti wọlé ní Oṣù Kejìlá pàápàá, ọdún yẹn ti kà. Ti àbúrò mi jẹ́ 2021 sí 2025. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, fọ́ọ̀mù 1040-NR, ìwé owó-orí aláìgbélé, àti fọ́ọ̀mù 8843 ló ń ṣe, ẹni tó bá sì jẹ́ aláìgbélé lápá kan ọdún kò lè gba ẹ̀dínwó yìí, àyàfi bó bá fẹ́ ọmọ ìlú tàbí ẹni tó ní green card, tí àwọn méjèèjì sì yàn láti jọ ṣe ìwé gẹ́gẹ́ bí olùgbé. Ọ̀pọ̀ sọ́fútíwíà tí à ń rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò ṣe 1040-NR rárá. 1040, ìwé olùgbé, ni wọ́n máa ṣe fún yín láìbéèrè. Ìwé irọ́ nìyẹn jẹ́, ó sì lè jáde nígbà tí ẹ bá ń wá green card.

Ẹ má sì wo ọmọ Ṣáínà tàbí ọmọ Íńdíà tí ẹ jọ wà ní láàbù. Orílẹ̀-èdè tiwọn ní àdéhùn owó-orí pẹ̀lú Amẹ́ríkà, Nàìjíríà kò ní. Owó tí wọ́n bá san fún yín nítorí pé ẹ ń kọ́ni tàbí ẹ ń ṣe ìwádìí, owó iṣẹ́ ni, ó wà lórí W-2, ìwé tí agbanisíṣẹ́ fi ń sọ iye tó san fún yín. Èyí tí wọ́n fún yín láìṣe iṣẹ́ kankan, tó kọjá owó ilé-ìwé, ilé-ìwé lè ti yọ 14% rẹ̀ sílẹ̀, ẹ ó rí i lórí fọ́ọ̀mù 1042-S. Owó ilé-ìwé tí wọ́n yọ kúrò lọ́rùn yín nítorí iṣẹ́ ìkọ́ni tàbí ìwádìí kò ní owó-orí, ṣùgbọ́n kò lè fún ẹnikẹ́ni ní ẹ̀dínwó, olùgbé tàbí aláìgbélé. Ẹni tó ní green card tó sì ń ka PhD lọ́nà yìí ṣì lè wo àwọn owó dandan tí ó ń ti àpò ara rẹ̀ san ní sẹ̀mẹ́sítà kọ̀ọ̀kan. $900 lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún jẹ́ $1,800, ẹ̀dínwó rẹ̀ $360. Ẹ béèrè rẹ̀.

Kíkọ ọ́ sílẹ̀, àti gbígba ti ọdún tó ti kọjá

Fọ́ọ̀mù 8863 ni ẹ ó kún. Owó ilé-ìwé tó kù lẹ́yìn tí ẹ ti yọ sikọ́láṣíìpù ni ẹ ó kọ sí ìlà 31. Bí ẹ bá yàn láti san owó-orí lórí apá kan sikọ́láṣíìpù, iye yẹn ń lọ sí Schedule 1, ìlà 8r. Sọ́fútíwíà lè bi yín bóyá ẹ fẹ́ kó ṣe é bẹ́ẹ̀, ó sì lè má bi yín. Ẹ yẹ ìlà méjèèjì wò fúnra yín kí ẹ tó tẹ ìránṣẹ́. Lẹ́tà, àkọsílẹ̀ bọ́sárì, ìwé àdéhùn ilé, rìsíìtì, ẹ kó gbogbo wọn sínú fáìlì kan, ẹ má jù wọ́n nù kó tó pé ọdún mẹ́ta.

Bí wọ́n bá ti sọ fún yín tẹ́lẹ̀ pé kò sí nǹkan fún yín, bí wọ́n ṣe sọ fún mi, fọ́ọ̀mù 1040-X ni ẹ ó fi tún un ṣe. Èmi kọ ọ́ ní Oṣù Kẹsàn-án 2023, mo so 8863 mọ́ ọn, mo kọ gbólóhùn mẹ́ta sí ibi àlàyé: iye sikọ́láṣíìpù tí mo fi san owó ilé, ohun tí lẹ́tà rẹ̀ sọ, àti iye owó ilé tí mo san lọ́dún náà. Wọn kò bi mí ní ìbéèrè kankan. Ọdún mẹ́ta ni ẹ ní láti ọjọ́ tí ẹ fi ìwé àkọ́kọ́ ránṣẹ́, tàbí ọdún méjì láti ọjọ́ tí ẹ san owó-orí náà, èyí tó bá pẹ́ jù nínú méjèèjì. Ìwé tí ẹ bá sì tètè fi ránṣẹ́, ọjọ́ ìparí ni wọ́n á kà á sí. Ẹni tó fi ìwé 2023 rẹ̀ ránṣẹ́ lásìkò ní ọdún 2024 ní títí di 15 Oṣù Kẹrin 2027.